Ìyàwó Bàbá Mi Tó Wà Nínú Fóònù

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù Kẹsàn-án, 2025

Bàbá mi ní ìyàwó kan sí Amẹ́ríkà.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n lè fi ojú ara mi kà á. Kì í ṣe ọ̀rẹ́bìnrin o. Ìyàwó tí kọ́ọ̀tù so wọ́n pọ̀, lọ́dún 1983, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì tú wọn. Michelle lorúkọ rẹ̀.

Iléèwé ṣì wà ní ìsinmi, èmi olùkọ́ jókòó jẹ́ẹ́ tí mo ń jẹ ẹ̀pà. Ọ̀gá Kòkó — bí mo ṣe ń pe Bàbá nínú ìwé yìí nìyẹn — pè mí sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí a ń sá kòkó sí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó na fóònù sí mi. Ímeèlì lọ́yà Michelle ni. Ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó kàn ń wò ó bí ẹni tó ń wo ejò.

Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀: ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ́hùn-ún, ó fẹ́ Michelle. Lọ́dún 1985 bàbá rẹ̀ kú, ó wálé wá sìnkú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló dá. Oko àti àbúrò márùn-ún já lé e lọ́rùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta di ogójì ọdún. Lọ́dún 1988, ó fẹ́ Màmá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sọ fún ẹ̀dá kankan.

Michelle ti di ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin báyìí. Ó ti rí bàbá kan tí ìyàwó rẹ̀ kú, wọ́n fẹ́ fẹ́ra. Ìgbà tó dé kọ́ọ̀tù ni wọ́n sọ fún un pé aya Àjàgbé, ìyẹn Bàbá mi, ṣì ni. Lọ́yà rẹ̀ ní bí Bàbá bá bọwọ́ lu ìwé kan pé òun gbà kí ìgbéyàwó náà tú, kò ní sí wàhálà. Ṣùgbọ́n nótárì, ẹni tí òfin gbà kó fi òǹtẹ̀ sí ìwé, gbọ́dọ̀ rí i nígbà tó bá ń bọwọ́ lù ú. Yálà kí á gbé ìwé náà gba ọ̀nà Àbújá, ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì, tàbí kí ó bá nótárì wọn níbẹ̀ pàdé lórí fídíò.

"Má sọ fún ìyá rẹ," ó ní.

Ìyá mi. Ìjọba. Bí mo ṣe ń pè é nìyẹn, ẹni tó mọ iye ẹyin tó wà lábẹ́ adìẹ láì dìde níjòókòó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 oṣù Kẹsàn-án

Fídíò la mú. Orúnkún Ọ̀gá Kòkó kò lè gba ọ̀nà Àbújá, a ò sì tíì rí irọ́ tó lè gbé èèyàn dé Àbújá lójú Ìjọba. Mo ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́ta ọ̀sán. Ìjọba á wà ní ìpàdé àwọn ìyá ìjọ.

Wọ́n ní kí ó mú pásípọ́ọ̀tù dání. Ó tú àpótí, ó yọ ọ́ jáde lábẹ́ aṣọ. Irun orí rẹ̀ nínú fọ́tò náà tó agbọ̀n kòkó! Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní òun rẹwà nígbà náà. Òótọ́ ni, ó rẹwà.

Pásípọ́ọ̀tù náà ti kú láti 1990.

Ọjọ́rú, 3 oṣù Kẹsàn-án

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ìjọba bi mí ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní eyín ló ń dùn mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 oṣù Kẹsàn-án

Ó bàjẹ́.

Mo gbé fóònù ka orí Bíbélì mẹ́ta ní ọ̀ọ̀dẹ̀ iwájú, torí bí èèyàn bá wọ inú yàrá, àwọn òkè Ìdànrè yìí á gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì mì. Nótárì yọjú: obìnrin kan tó wọ jígí pupa, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Àárọ̀ ni lọ́dọ̀ wọn, ó ń mu tíì. Kíá ni mo sọ ọ́ ní Àǹtí Òǹtẹ̀.

Ó wo pásípọ́ọ̀tù onírun náà, ó wo orí Ọ̀gá Kòkó tó ti pá. Ó ní òun ò lè lo ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá wà nítòsí tó mọ̀ ọ́n dáadáa, tí pásípọ́ọ̀tù tirẹ̀ ṣì dára, tó lè búra níwájú òun pé ẹni náà gan-an nìyí, òun á gbà á.

A ń wo ara wa ni ilẹ̀kùn ọgbà dún. Ìjọba. Ohùn ẹni tó fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ há, ìpàdé bá tú.

Ojú Ọ̀gá Kòkó di eérú. Mo sáré sọ pé ìwé kan tó kan Bàbá ló wá láti Amẹ́ríkà, wọ́n ń wá ẹni tó mọ̀ ọ́n tó sì ní pásípọ́ọ̀tù. Kì í ṣe irọ́. Ìlàjì òótọ́ ni.

Ojú Ìjọba tàn. "Èmi ní pásípọ́ọ̀tù." Láti ọdún méjì sẹ́yìn tó ti lọ sí Jerúsálẹ́mù ló ti ń wá ibi tí yóò tún lò ó sí. Ó wọlé, ó pààrọ̀ gèlè, ó jókòó síwájú fóònù, ó sì fi èjìká ti Ọ̀gá Kòkó jáde kúrò nínú àwòrán.

Àǹtí Òǹtẹ̀ ní kí ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Ó bi í bó ṣe mọ ọkùnrin yìí. Ìjọba fi gẹ̀ẹ́sì ọjọ́ Àìkú rẹ̀ dáhùn pé ọkọ òun ni, ọkọ tí òun fẹ́ níwájú Ọlọ́run àti ìjọ, ọdún mẹ́tàdínlógójì rèé.



Àǹtí Òǹtẹ̀ wo ìwé. Ó wò wá. Ó bọ́ jígí. Ó rọra sọ pé kí ó má bínú, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn kò lè ṣe ẹlẹ́rìí, torí ìwé yìí wà fún títú ìgbéyàwó tó wà láàárín Ọ̀gbẹ́ni Àjàgbé àti ìyàwó rẹ̀, Michelle.

Ìjọba ò pariwo. Ó rọra ń sọ ọwọ́ tó gbé sókè kalẹ̀, bí ẹni pé ẹyin wà níbẹ̀. Kò wo fóònù mọ́.

"Ta ni Michelle?"

Àǹtí Òǹtẹ̀ ní òun á pa á tì fún òní. Mo ní ẹ ṣé mà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 oṣù Kẹsàn-án

Ìjọba ti kó wá sí yàrá mi. Ó ń hanrun.

Ọjọ́ Àìkú, 7 oṣù Kẹsàn-án

Ìjọba ò fi orúkọ àkọ́bí wọn pe Ọ̀gá Kòkó ní Bàbá Tóyọ̀sí mọ́. "Bọ̀ọ̀dá Àjàgbé, oúnjẹ yín wà lórí tábìlì." Bí ọmọge ṣe ń pe ọkùnrin àdúgbò. Ọ̀gá Kòkó fi iyán náà sílẹ̀ lórí tábìlì.

Nígbà tí èmi àti Ìjọba ń ká aṣọ, ó sọ ohun tó ń dùn ún fún mi. Ó ní lọ́jọ́ ìgbéyàwó, pásítọ̀ bi ìjọ bóyá ẹnikẹ́ni mọ ìdí tí kò fi yẹ kí a so àwọn pọ̀. "Gbogbo ìjọ dákẹ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun náà dákẹ́."

Mi ò ní fi ìyẹn ṣeré. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo kọ ọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ọ̀gá Kòkó wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Ó dọ̀bálẹ̀ — ìdọ̀bálẹ̀ gidi, pẹ̀lú orúnkún yẹn. Ó ní ìtìjú ni kò jẹ́ kí òun kọ lẹ́tà sí Michelle lọ́dún kìíní. Nígbà tó yá, ìtìjú náà pẹ́ nílé tó bẹ́ẹ̀ tí òun ò rí i mọ́. Ìjọba tẹ́tí gbọ́ ọ tán. Ó ní kí n gbé e dìde, kí ilẹ̀ tútù má baà pa á lára.

Ọjọ́rú, 10 oṣù Kẹsàn-án

Ìjọba ní òun fẹ́ rí Michelle.

Wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú lórí fídíò! Gẹ̀ẹ́sì làwọn méjèèjì ń sọ, síbẹ̀ èmi ni ògbufọ̀. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni Michelle. Irun funfun, ológbò kan lórí itan. Mo rò pé ìjà ni Ìjọba fẹ́ lọ jà, ó tiẹ̀ ti so gèlè mọ́ ìdí.

Ṣùgbọ́n Michelle ló kọ́kọ́ sunkún. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló sọ fún òun. Lọ́jọ́ tó yẹ kó dé, òun se oúnjẹ, òun lọ dúró ní pápákọ̀ òfurufú títí àwọn tó ń gbálẹ̀ fi ní kí òun máa lọ. Òun ò mọ̀ bóyá ó kú ni, bóyá ó wà. Ìjọba tú gèlè ìdí rẹ̀. Ó fi nu ojú.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá débi ìhanrun Ọ̀gá Kòkó, Michelle ń bèèrè. Ṣé ó ṣì ń bẹ̀rẹ̀ ohun mẹ́wàá kó tó parí ẹyọ kan? Ṣé ó ṣì ń fi ata sí gbogbo nǹkan? Ẹ̀rín wọn dé ojú títì. Ọ̀gá Kòkó wà lẹ́yìn fèrèsé, ó ní àdá lòun ń wá.

Kí wọ́n tó dágbére, Ìjọba ní: "Ó máa bọwọ́ lù ú. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́ Ẹtì, 12 oṣù Kẹsàn-án

Ìjọba fúnra rẹ̀ ló wá ẹlẹ́rìí: Mùjídàt, ará Ìsẹ́yìn tó ti ń bá wa tọ́jú kòkó fún ọdún méjìlélógún, tí a jọ ń pín ohun tó bá jáde lóko. Ó ní pásípọ́ọ̀tù tó fi lọ Mẹ́kà. Pásípọ́ọ̀tù Jerúsálẹ́mù ò ṣeé lò, ti Mẹ́kà ló gbà wá.

Mùjídàt kàwé mẹ́wàá, gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò lẹ́gùn-ún. Àǹtí Òǹtẹ̀ bi í bóyá ó mọ ọkùnrin yìí. Ó ní òun mọ̀ ọ́n. Ó ń gbin igi ní ìlà tó gún. Kì í ṣèkà. Àìparí nǹkan ni àrùn tó ń ṣe é. Ó jọ pé "bẹ́ẹ̀ ni" nìkan ni Àǹtí Òǹtẹ̀ kọ sílẹ̀.

Ọ̀gá Kòkó fi ìka bọwọ́ lù ú lójú fóònù. Òǹtẹ̀ yọ lójú ìwé báyìí — rìbìtì, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Ìjọba dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ lẹ́yìn.

Ọjọ́bọ̀, 23 oṣù Kẹwàá

Ìdájọ́ kọ́ọ̀tù dé. Ìgbéyàwó ti tú. Michelle fi fọ́tò òrùka tuntun ránṣẹ́ — sí Ìjọba o, kì í ṣe sí Ọ̀gá Kòkó.

Mo lọ tẹ ìwé náà jáde ní Odòde. Ọ̀gá Kòkó mí kanlẹ̀, ó ní ó ti parí. Ìjọba wọ jígí, ó kà á ní ojú ewé kan tẹ̀ lé òmíràn, ó ká a.

"Ẹ kì í ṣe ọkọ ẹnikẹ́ni mọ́, Bọ̀ọ̀dá Àjàgbé. Èmi náà kì í ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 oṣù Kẹwàá

Àpò kan. Ọkọ̀ Ọ̀wẹnà. Ìjọba wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó sọ fún pásítọ̀ pé òun lọ sinmi.

Ọjọ́ Àìkú, 2 oṣù Kọkànlá

Mo bá Ọ̀gá Kòkó lọ sí Ọ̀wẹnà. Èmi, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ni alárinà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n Ìjọba, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ láti 1983, kò fo ìkankan. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n tún fi Ìjọba fún òun fẹ́, kí ó wá bá òfin mu lọ́tẹ̀ yìí.

Wọ́n pe Ìjọba. Ó jókòó. Ó ní inú kò bí òun mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1988, bàbá òun àti àwọn ẹbí Ọ̀gá Kòkó parí ọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni òun tíì rí Ọ̀gá Kòkó nígbà náà.

"Kò sẹ́ni tó fẹ́ mi sọ́nà rí. Kó kọ́kọ́ wá fẹ́ mi sọ́nà ná."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í pé, ní ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta? Ìjọba ní ṣé ọjọ́ orí ni wọ́n fẹ́ fẹ́ sọ́nà ni?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù Kọkànlá

Láti àárọ̀ ni Ọ̀gá Kòkó ti ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Ó bi mí ohun tí àwọn èèyàn máa ń sọ bí wọ́n bá lọ fẹ́ obìnrin sọ́nà. Mo ní kí ó bi í ní ìbéèrè, kí ó sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Ó fẹ́ gbé iṣu dání. Mo ní rárá. Ó fẹ́ gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání. Bàbá, rárá. Níkẹyìn kò gbé nǹkankan, ó fi lọ́fínńdà mi sára, ó ní kí n má wo òun bẹ́ẹ̀ yẹn.

Aago méjì ló wọkọ̀ Ọ̀wẹnà. Oòrùn ti wọ̀ báyìí. Mo pè é, kò gbé e. Mo pe Ìjọba, kò gbé e.

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti ọ̀dọ̀ Ìjọba: "Má se oúnjẹ dè é. A ṣì ń sọ̀rọ̀."