Rọ́bà Inú Ṣòkòtò Àwọn Afunfèrè

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara, báwo ni iṣẹ́, ṣé ẹ̀yìn kò dùn ọ́ mọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì tuntun yẹn? Kí Ọlọ́run tó jí ọ láàárọ̀ yìí mú ọ lọ mú ọ bọ̀, kí ó má fi ọ́ sábẹ́ ọ̀gá tí inú kì í dùn. Àwa náà wà dáadáa, adìyẹ ti pamọ, àbúrò rẹ ti wọ kíláàsì tuntun. Bàbá yín ní kí n kí ọ, ara wọn ti ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi ìwọ́de. Mo mọ̀ pé fọ́tò rẹ̀ á ti dé orí fóònù rẹ, ìdí nìyí tí mo fi ní kí n fúnra mi sọ ọ́ kí o tó gbọ́ ti àwọn onírọ́.

O mọ̀ pé látìgbà tí eyín iwájú bàbá yín ti yọ, wọn ò rí fèrè fun mọ́, afẹ́fẹ́ ń gba àárín eyín lọ ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn nínú ẹgbẹ́ afunfèrè ò fẹ́ kí wọ́n jókòó sílé, ni wọ́n bá fún wọn ní àsíá pé kí wọ́n máa gbé e ṣíwájú gbogbo èrò lọ́dún yìí. Inú bàbá yín dùn débi pé igi tó gbé okùn ìsáṣọ wa ró ni wọ́n ń gbé kọ́ ìrìn lójoojúmọ́ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi á sì lẹ̀ mọ́ ògiri bí wọ́n bá ń bọ̀.

Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ìwọ́de wáyé ni ọ̀rọ̀ kan wọlé sórí fóònù tí o rà fún mi, ó dún fíìn bí ẹ̀fọn. Mo gbé e lọ bá ẹni tó ń tún rédíò ṣe, ó sì kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbìmọ̀ ìwọ́de ló kọ ọ́. Wọ́n ní rọ́bà kò gbọdọ̀ wọ ìwọ́de ọdún yìí, pé ẹni tí àwọn bá bá rọ́bà lọ́wọ́ tàbí lára rẹ̀, àwọn á dá a padà láti ẹnu ọ̀nà pápá.

O mọ̀ pé èmi ni mo rán ṣòkòtò gbogbo ẹgbẹ́ náà, èmi ni mo sì ki rọ́bà bọ ìbàdí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo bi onírédíò pé kí ni rọ́bà ṣe fún ìjọba. Ó ní òun ò mọ̀, bóyá nítorí pé ó máa ń fún ènìyàn níkùn ni. Mo rò ó wò, mo rí i pé òótọ́ ni, nítorí mo ti rí ìlà tó ń fà sí bàbá yín níbàdí. Ìlera wa ni ìjọba ń rò. Mo kó gbogbo ṣòkòtò náà jọ, mo tú wọn, mo fa rọ́bà yọ, mo ki okùn sí i títí ọwọ́ mi fi wú. Nígbà tí okùn tán, mo ya ìṣẹ́tí kọ́tìnì yàrá ẹ̀yìn, òun ni mo fi parí ti onílù ńlá, tí ìbàdí rẹ̀ tóbi ju ti gbogbo wọn lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bàbá yín ń wọ awò ojú tí o rà fún wọn, ni mo bá rí i pé rọ́bà ni wọ́n fi ṣe etí rẹ̀. A wo ara wa. Bàbá yín ní kì í ṣe nítorí ojú àwọn ni wọn yóò fi dá odidi ẹgbẹ́ padà. Wọ́n bọ́ ọ, wọ́n sì fi í sábẹ́ ìrọ̀rí.

A gbéra láti ẹnu géètì ilé ìwé. Fèrè ń ké, ilẹ̀ ń mì, èmi ń bá wọn rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú, bóyá nǹkan á já. Nígbà tí a dé oríta, ọ̀tún ló yẹ kí a yà lọ sí pápá. Ṣùgbọ́n oòrùn ti mú, bàbá yín sì rí nǹkan funfun lọ súà lọ́wọ́ òsì tó ń dán yanranyanran, wọ́n rò pé aṣọ àwọn èrò ìwòran ni. Wọ́n yà sósì. Afunfèrè tẹ̀lé àsíá, ọmọ ilé ìwé tẹ̀lé afunfèrè, alága ìgbìmọ̀ àti àwọn àlejò pàtàkì tẹ̀lé ọmọ ilé ìwé. Mo pariwo títí, fèrè ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Ẹ̀yìn ilé tí ìjọba ń kó ẹrù sí ni a já sí, létí kòtò ńlá tí àgbàrá ń gbà. Bàbá yín dúró ṣánṣán, wọ́n tẹ àsíá sílẹ̀, wọ́n sì kí àwọn èrò. Ọmọ mi, òkìtì ìgò rọ́bà, ife rọ́bà àti ọ̀rá omi ni wọ́n ń kí. Fèrè ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdọ̀tí ìwọ́de ọdún tó kọjá ni, a ṣì rí rìbọ́nì tí wọ́n so mọ́ àwọn ife náà. Alága ìgbìmọ̀, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, ti sọ lórí rédíò nígbà náà pé wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n á ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Awakọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí wà láàárín wa. Ó sorí kọ́, ó ní ọkọ̀ ló kú mọ́ òun lọ́wọ́ níbẹ̀, òun ní kí òun dà á síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò sì sẹ́ni tó béèrè rẹ̀ mọ́. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ìdí tí omi fi ya wọ ṣọ́ọ̀bù mi nígbà òjò tó sì ba aṣọ oníbàárà jẹ́, ìgò ti dí kòtò náà.

Onílù ńlá ní kí òun yíjú padà, ó tẹ ìgò, ìgò yí, òun náà yí, ìṣẹ́tí kọ́tìnì já. Mi ò ní kọ ohun tí a rí. Èrò bú sẹ́rìn-ín, bàbá yín tí ò ríran sì rò pé àwọn ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n gbé àsíá lé mi lọ́wọ́, wọ́n ń fọwọ́ tọ́ ògiri lọ sílé. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti kọjú sí ògiri lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní kí n bá àwọn dá àsíá padà.

Nírọ̀lẹ́, alága ìgbìmọ̀ wá kí wọn. Ó bi mí pé kí ló dé tí ṣòkòtò àwọn afunfèrè fi ń jábọ́. Mo gbé fóònù fún un. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé aṣọ tí mo ti gé. Ó ní rọ́bà tí àwọn ń wí ni ife, àwo, ìgò àti ọ̀rá tí ènìyàn ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí á sì jù nù. Mo ní ṣé kò mọ̀ pé ife ni à ń pe ife ni. Ó ní ẹ̀bi àwọn ni. Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní láti ọdún tó ń bọ̀, kálukú á mú ife tirẹ̀ wá látilé, àwọn á sì gbé táǹkì omi sí pápá, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ jọ kó èyí tó wà nílẹ̀. Ó bẹ bàbá yín pé kí wọ́n gbé àsíá ṣíwájú wa lọ. Bàbá yín ò yíjú. Wọ́n kàn ní awò ojú àwọn dà.

Ní Sátidé, a kó apẹ̀rẹ̀ àti ṣọ́bìrì, a lọ. Nígbà tí a dé etí kòtò, bàbá yín wo òkìtì náà láti òkè délẹ̀. Wọ́n bi mí pé ṣé èyí ni àwọn kí. Mo ní òun ni. Wọ́n gún àsíá mọ́lẹ̀, wọ́n ká ṣòkòtò sókè, wọ́n sì wọ inú kòtò kí ẹnikẹ́ni tó wọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Alága ní ilé iṣẹ́ kan á yọ́ àwọn ìgò náà, á sọ wọ́n di àga. Mo ti so òwú búlúù mọ́ àpò tiwa kí wọ́n lè mọ èyí tó jẹ́ àga wa nígbà tó bá délẹ̀.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, mo fẹ́ ra rọ́bà tí màá kì padà sínú àwọn ṣòkòtò náà, kí n sì fi kún owó bárò tí a ó máa fi kó ìgò. Má fi sí báńkì o. Akọ̀wé báńkì ní kí n tẹ nọ́ńbà àṣírí kan, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n. Mo dijú tẹ̀ ẹ́, èmi náà ò sì mọ̀ ọ́n títí di òní, ọkàn mi balẹ̀ pé owó wa wà níbẹ̀ láìséwu. Ẹni tó bá ń bọ̀ nílé ni kí o fi rán.

Ọlọ́run á pọ́n ọ lé lójú àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Àìsàn ò ní mọ yàrá rẹ. Wàá máa rí ẹni tí yóò bi ọ́ bóyá o ti jẹun, títí o ó fi wálé kí èmi náà lè bi ọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.