"Move on" Tí Bùọ̀dá Kàmọ́rù Kó Wọlé

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹni tí kì í jẹ́ kí búta àlùwàlá rẹ̀ gbẹ,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Gẹ̀ẹ́sì kan ti wọ ilé yín ní Òwu. Bùọ̀dá Kàmọ́rù, àkọ́bí yín, ló gbé e bọ̀ láti ọ́fíìsì rẹ̀ l'Ékòó. "Move on" ni wọ́n ń pè é. Ẹ má bínú pé n kò fi "wọ́n" pe ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀wọ̀ rẹ̀ ti tán lọ́wọ́ mi.

Bí mo bá sunkún, kí n move on. Bí Màmá bá dárúkọ yín, kí Màmá move on. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le: kéèyàn fi ohun tó ti kọjá sílẹ̀, kó máa bá ayé rẹ̀ lọ. Kò burú o, bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ bá ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ nígbà tí ẹkún bá tó. Ṣùgbọ́n Bùọ̀dá wa ń fi lé ẹlẹ́kún kúrò nídìí ẹkún rẹ̀ ni. Ìwé tó kà náà nìyẹn!

Màmá ṣì wà nínú opó, wọn kò tíì gbọdọ̀ kúrò nílé yín. Ṣé ẹni tó ń wọ jálàbíà funfun lọ kí Jímọ̀ kò mọ̀ ọ́n ni? Ní Sátidé, ó mú ejẹ́ǹtì wá wo ilé. Ó fẹ́ tà á, kó kó Màmá lọ sí yàrá kan ní Alábàtà, láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Búta yín wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi bàtà tì í dànù kí àlejò rẹ̀ lè kọjá. Omi dà sílẹ̀.

Ṣé ẹ rántí pé bí ẹ bá ṣe àlùwàlá tán, ẹ máa ń bu omi míì sí i fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn? Ta tiẹ̀ ni ẹ ń bu ú dè?

Màmá jáde pẹ̀lú ìbòrí wọn. Wọn kò wo ẹnikẹ́ni. Wọ́n rọ omi kún búta, wọ́n gbé e padà sí àárín ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì jókòó tì í lórí àga yín. Ejẹ́ǹtì, ẹni tí ẹ kò bí, ló dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ wọ́n, ló bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí ìrun Alásárì tó, omi búta náà ni àkọ́bí yín fi ṣe àlùwàlá. Ó lò ó tán pátápátá. Kò bu omi míì sí i.

Èmi ni mo bu ú.

Ọmọ yín tí àárò yín ń sọ.