Ẹni Tí Yóò Tì Mí Ṣubú

Ọjọ́ Ajé, 2 Owewe

Mo ṣubú lónìí. Nínú ilé ìwẹ̀, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ọṣẹ lójú, kàn-ìn-kàn-ìn lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ yọ̀ — gbì! — mo bá ara mi nílẹ̀ láàárín bọ́kẹ́ẹ̀tì àti ògiri. Egungun kankan ò ṣẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè dìde. Ó tó ogún ìṣẹ́jú tí mo fi wà níbẹ̀, tí mò ń wo ìsàlẹ̀ bàsíà ìfọwọ́ tí mi ò rí rí láti ìgbà tí mo ti ń gbé ilé yìí. (Ó dọ̀tí.) Rédíò ń sọ̀rọ̀ ní pálọ̀. Mo pariwo lẹ́ẹ̀kan, "Ẹ gbà mí o!" Ojú tì mí, mo dákẹ́. Ta ni mò ń pè? Ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá tí Ẹni Yẹn ti kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Mi ò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí. Ìyàwó mi ni. Tàbí kí n ní ó jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe ti ìṣubú yẹn. Ti pé mo pariwo, ilé ò dáhùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Owewe

Ìwé kan wà lára ògiri lẹ́yìn ilé iṣẹ́ wa: Ẹ WÁ KỌ́ JÚDÒ. TỌMỌDÉ TÀGBÀ LA Ń GBÀ. OṢÙ ÀKỌ́KỌ́, BÍ A ṢE Ń ṢUBÚ NI A MÁA KỌ́ YÍN. Mo ti kọjá níwájú ìwé yẹn tó igba ìgbà. Lónìí, àfi bí ẹni pé èmi ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Mo wọ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń kọ́ ìjàkadì náà. Akọ̀wé wọn, obìnrin kan tó wọ gíláàsì, wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní ṣé ọmọ mi ni mo fẹ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní èmi ni. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà." Kò rẹ́rìn-ín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú mi.

Ọjọ́bọ̀, 5 Owewe

Kíláàsì àkọ́kọ́. Aṣọ funfun náà le bíi páálí. Olùkọ́ wa kò ga ju èjìká mi lọ, obìnrin ni, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń ṣe tẹ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ kì í gòkè. Ó ní ká gbàgbé gbogbo ohun tí a ti rí nínú fíìmù. Mo fara mọ́ ọn. Èrò mi nípa fíìmù ìjà rèé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò bi mí: ọkùnrin kan á máa na ogún èèyàn, àwọn mọ́kàndínlógún yòókù á tò sẹ́yìn bí ẹni tó wà ní báńkì, kálukú ń retí kó kàn án. Wọn kì í sì í làágùn. Èmi ti làágùn kí n tó so ìgbànú tán.

Ìṣubú: tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà, fi apá lu ẹní, mí síta. Ogójì ìgbà. Olùkọ́ ní, "Ẹ̀ ń bá ilẹ̀ jà, sà. Ilẹ̀ ò bá yín jà o. Ẹ jọ̀wọ́ ara yín fún un."

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Owewe

Gbogbo ara ń ro mí. Mi ò rí ẹni ro ó fún.

Ọjọ́ Ajé, 9 Owewe

Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n mi rèé ní yàrá àwo orin, ní ilé iṣẹ́ rédíò. Wọ́n ti wá ní ká kó gbogbo orin àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà, ká da èyí tí kò wúlò nù. Èmi ni adájọ́. Máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku, máa gbé abẹ́rẹ́ lé e, máa gbọ́ ọ tán, máa kọ "Fi pamọ́" tàbí "Jù ú".

Lónìí mo ju mẹ́sàn-án. Mẹ́fà nínú wọn, olówó ni wọ́n ń kì. Orúkọ èèyàn mẹ́rìndínlógún láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, mi ò mọ ẹyọ kan nínú wọn. Àwọn olówó ti lọ, orin náà tẹ̀ lé wọn.

Ohun tí mo mọ̀ nípa orin tó ń pẹ́ rèé. Gbé àwo náà sínú ìmọ́lẹ̀ kó o tó gbọ́ ọ. Ibi tó bá ti gbó jù, tó funfun díẹ̀, ibẹ̀ ni ẹnì kan ti máa ń dá abẹ́rẹ́ padà sí. Ibẹ̀ ló fẹ́ràn. Àwo tí kò gbó níbì kankan, kò sẹ́ni tó rójú gbọ́ ọ nígbà ayé rẹ̀.

Ẹni Yẹn sọ pé etí mi mú fún àwo, ṣùgbọ́n tí òun bá ti ń sọ̀rọ̀, mo di adití. Ẹnu ilẹ̀kùn ló ti sọ ọ́, ẹrù rẹ̀ ti wà níta. Orin ń lọ lọ́wọ́. Mo ní kó jẹ́ kó parí ná.

Kò dúró.

Ọjọ́bọ̀, 12 Owewe

Wọ́n ti fún mi ní ẹni tí a óò jọ máa ṣe é. Bíríkìlà ni, kò tíì pé ogójì ọdún, ọwọ́ rẹ̀ rí bíi símẹ́ńtì tó ti gbẹ. Olùkọ́ ní: ẹ tẹrí ba fún ara yín, ẹ ní "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe é", ẹ di kọ́là ara yín mú.

Ó di kọ́là mi mú. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún. Ìgbà wo lẹnì kan ti fọwọ́ kàn mí kẹ́yìn? Agẹrun nìkan ni, òun náà orí mi ló ń wò. Bíríkìlà rò pé ó ká mi lára, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá Rédíò." Mo ní kó dì í mú dáadáa.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Owewe

Mo fọṣọ. Mo wo fíìmù kan tí ọmọge kan ti gbé ọkùnrin mẹ́fà sánlẹ̀ pẹ̀lú bàtà gogoro. Mo sọ fún tẹlifíṣọ̀n pé ìdúró rẹ̀ ò dáa. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi lónìí nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Owewe

Aládùúgbò rí mi pẹ̀lú báàgì, ó ní níbo. Mo ní mò ń lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣubú. Ó ní, "Ìyẹn náà ti wá di ẹ̀kọ́?"

Ẹ̀kọ́ ni o! Bíríkìlà gbé mi, ẹsẹ̀ mi kúrò nílẹ̀, mo rí àjà, lẹ́yìn náà — pá! Kì í ṣe gbì. Tí ara bá wó lulẹ̀, gbì ni. Tí apá bá gbà á, pá ni. Mo dìde fúnra mi. Olùkọ́ ní, "Ó dáa." Mo fẹsẹ̀ rìn dé ilé, mò ń rẹ́rìn-ín bíi wèrè, mo ṣílẹ̀kùn, kò sẹ́ni tí mo máa sọ ọ́ fún. Mo fi ìdùnnú náà jẹ búrẹ́dì.

Ọjọ́rú, 2 Ọ̀wàrà

Ìjà pẹ̀lú Ohùn Oyin, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó máa ń ṣe ètò ọ̀sán. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Mo ní orin ìsinsìnyí ò lè lo ọdún márùn-ún: kó o tó mí lẹ́ẹ̀mejì, ègbè ti bẹ́ jáde, torí pé àtàǹpàkò olùgbọ́ ti wà lórí fóònù, ó ń wá ibi tó máa fò sí. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti gbọ́ ẹyọ kan parí rí?"

Mi ò gbọ́ ọ rí. Ó fi ọ̀kan sí mi létí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó gbé ìpè òun. Ohùn rẹ̀ ya díẹ̀ ní ìparí, wọn ò sì tún un ṣe. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kò burú, èyí lè pẹ́. Ohùn Oyin fò sókè bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Mo lé e jáde ní yàrá mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Ọ̀wàrà

Bíríkìlà ń lọ. Iṣẹ́ ti gbé e lọ sí ìlú mìíràn, ọ̀la ló ń gbéra. Ìdánwò ìgbànú àwọ̀ ìyeyè, èyí tí wọ́n fi ń gòkè ní kíláàsì wa, sì ku ọjọ́ méjìdínlógún. Ó ń bẹ̀ mí ṣáá bí ẹni pé ó jalè. Mo ní kò burú. Ó burú.

Ọjọ́bọ̀, 10 Ọ̀wàrà

Wọ́n pín fọ́ọ̀mù ìdánwò. Orí ìdúró ni mo ti kọ ọ́, bàtà ti wà lẹ́sẹ̀. Orúkọ. Ọjọ́ orí. Àdírẹ́sì. Orúkọ ẹnìkejì. Nọ́mbà fóònù ẹnìkejì. Mo fún Akọ̀wé, mo sáré bá bọ́ọ̀sì.

Ọjọ́ Ajé, 14 Ọ̀wàrà

Ẹni Yẹn kọ̀wé sí mi! Lẹ́yìn oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mò ń jẹun ọ̀sán lọ́wọ́, fóònù dún. Mo dà á kọ síbí bó ṣe wà:

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Obìnrin kan pè mí pé kí n wọ ṣòkòtò tí kò fún, kí n gé èékánná mi, kí n sì wá ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n kí ẹ lè gbé mi sánlẹ̀. Ó ní ẹ ti fọwọ́ sí i. Ṣé kò sí o?"

Ọmọ kíláàsì kan náà ni wá. "O" la máa ń pe ara wa láti kékeré. Tó bá ti ń pè mí ní "ẹ", inú ń bí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 Ọ̀wàrà

Mo sáré bá Akọ̀wé. Ó fa fọ́ọ̀mù mi yọ. Ẹni tí a óò jọ ṣe ìdánwò ni wọ́n ń bi mí: ẹni tí yóò tì mí ṣubú, tí èmi náà yóò gbé sánlẹ̀. Èmi rí "ẹnìkejì", ọwọ́ mi kọ orúkọ ìyàwó mi, ó kọ nọ́mbà rẹ̀ láìwo ibì kankan. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni ọwọ́ yìí ti ń kọ orúkọ rẹ̀ sí fọ́ọ̀mù. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé nǹkan ti yí padà.

Akọ̀wé ní ṣé kí òun pè é padà, kí òun sọ pé àṣìṣe ni. Mo ní rárá, màá sọ ọ́ fúnra mi.

Ọjọ́rú, 16 Ọ̀wàrà

Mo kọ "Àṣìṣe ni." Mo pa á rẹ́. Mo tún un kọ. Mo tún pa á rẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 17 Ọ̀wàrà

Olùkọ́ ní òun á wá ẹlòmíràn tí a óò jọ ṣe é. Mo ní kó ṣe sùúrù díẹ̀. Ó gbà fún mi.

Mo fẹ́ kó wá. Ó dáa, mo ti kọ ọ́. Mo fẹ́ kó wá, mo sì fẹ́ kó padà sílé.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 Ọ̀wàrà

Mo dé láti ibi iṣẹ́, mo pa rédíò, mo yọ wáyà ẹ̀rọ àwo, mo pè é. Mo ní àṣìṣe ni. Ó ní òun ti mọ̀. Mo ní tí kì í bá ṣe àṣìṣe ńkọ́?

Mo gbọ́ tó fa àga, tó jókòó. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀. Ó lé ní wákàtí kan. Ó ní ọdún mélòó lòun fi ń jẹun tí òun ń wo ẹ̀yìn mi. Ó ní lọ́jọ́ tí ìyá òun kú, tí òun jókòó sórí ilẹ̀ ní pálọ̀, mo bi òun bóyá kí n dín orin kù. Kí n dín in kù! Mo rántí. Àánú ni mo rò pé mò ń ṣe. Àlàyé ti wà lórí ahọ́n mi, mo gbé e mì, mo jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà bà mí níbi tó fẹ́ bà mí. Ó dùn mí wọ egungun. Láàárín ọ̀rọ̀, "ẹ" di "o". Mi ò ta pútú, kó má lọ rántí.

Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, ó ní kò sẹ́ni tó máa gbé òun sánlẹ̀ ní ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Kó tó gé fóònù, ó ní aago mélòó ni ìdánwò náà.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Ọ̀wàrà

Mo fọ gbogbo ilé, títí dé ìsàlẹ̀ bàsíà. Mi ò bi ara mi léèrè ìdí rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 Ọ̀wàrà

Ó wá. Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ṣòkòtò dúdú, gèlè kékeré lórí. Ó ti gé èékánná rẹ̀. Ó rù díẹ̀. Ó kí Olùkọ́, ó ní, "Mo wá o, ṣùgbọ́n mi ò ní ṣubú." Olùkọ́ ní kò sí ìyọnu: òun fúnra òun ni n óò gbé sánlẹ̀, kí ìyá kàn tì mí ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Sẹ́yìn, sí ọ̀tún, sí òsì.

A tẹrí ba. Mo ní, "Jọ̀ọ́, bá mi ṣe é." Ó di kọ́là mi mú. Èyí àkọ́kọ́, ó tì mí bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn yàrá aláìsàn. Olùkọ́ ní, "Ẹ tì í dáadáa, Ìyá. Ó mọ̀ ọ́n ṣubú." Èkejì dáa díẹ̀. Ẹ̀kẹta, ó fi gbogbo ara tì mí. Pá! Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Mo gbójú sókè, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà kì í ṣe ẹ̀rín mọ́.

Lẹ́yìn náà mo gbé Olùkọ́ sánlẹ̀, mo yege. Wọ́n so ìgbànú ìyeyè mọ́ mi nídìí.

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, a jọ mu omi ìgò kan. Ó ní ó ti pẹ́ tí ẹ̀ẹ̀kẹta yẹn ti wà lọ́wọ́ òun. Mo ní mo mọ̀. Ó béèrè nípa orúnkún mi tó ti ń dùn mí tipẹ́, mo sọ fún un. Mo béèrè nípa ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sọ fún mi: ariwo wà níbẹ̀, wọ́n ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu, òun ń sùn dáadáa. Mi ò já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀.

Takisí rẹ̀ dé. Ó dìde, ó ní, "Mi ò ní padà wálé o. Ẹnu mi ni mo fẹ́ kó o ti gbọ́ ọ." Ojú mi ṣú. Gbogbo ilé tí mo fọ̀.

Ó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, ó jókòó, ó tún yọjú. Ó ní, "Ṣùgbọ́n má pa nọ́mbà mi rẹ́ lórí fọ́ọ̀mù yẹn. Tó o bá ṣubú, kí wọ́n pè mí. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́.

Ó wò mí pẹ́. Ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo tún sọ fún un pé mo gbọ́.