Bàbá Oníbàtà, Ẹni tí Ìsàlẹ̀ Bàtà Wọn Kì í Kan Erùpẹ̀

Ní ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta, ọdún 1947, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ìsọ̀ káfíńtà, ni a bí bàbá wa, ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Bàbá Oníbàtà. Káfíńtà ni bàbá wọn, aránṣọ ni ìyá wọn. Ọmọ méjì ni òbí wọn bí, bàtà ilé ìwé kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì sì jọ ń wọ̀: ẹ̀gbọ́n láàárọ̀, àbúrò lọ́sàn-án. Bàbá ni àbúrò.

Ní 1966, lẹ́yìn ìwé mẹ́wàá, wọ́n wọ ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ń yẹ ìbuwọ́lùwé wò láti mọ ayédèrú. Iṣẹ́ náà wọ̀ wọ́n lẹ́wù. Wọ́n fura sí ọlọ́dẹ, wọ́n fura sí dókítà wọn pàápàá. Ní 1974, wọ́n fẹ́ ìyá wa, olùkọ́ tó ń gbọ́ irọ́ ọmọdé láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Afura pàdé afura. Olè ló mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta.

Ní 1981, Bàbá ra bàtà awọ ọ̀nì kan tó dàgbà ju àwọn fúnra wọn lọ. Awọ erè tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà awọ ògòǹgò tó ní kókó wínníwínní lára. Nígbà tí wọ́n fi máa fẹ̀yìn tì ní 2000, bàtà ti di mẹ́rìndínláàádọ́ta, olúkúlùkù nínú páálí rẹ̀. Wọ́n á na fọ́nrán òwú kan lé ìdérí, kí wọ́n lè mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá ṣí i. Ìyá wa kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Wọ́n sin Ọlọ́run tọkàntọkàn, wọ́n sì ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò fún ọdún méjìlá. Bàtà dúdú lásán ni wọ́n ń wọ̀ lọ síbi méjèèjì.

Láti 2005, ní gbogbo Sátidé, Bàbá á kó bàtà gidi kan sínú báàgì, wọ́n á wọ sílípáàsì jáde, ó di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó dé. Ìyá wa kò béèrè ibi tí wọ́n ń lọ rí. Bí Bàbá bá wọ balùwẹ̀ ni ìyá wa á yọjú sínú báàgì. Ìsàlẹ̀ bàtà á mọ́ tónítóní, kò ní erùpẹ̀ rárá. Ilé ta ló mọ́ tó bẹ́ẹ̀? Èyí tó wá ká wọn lára jù ni pé bàtà náà á máa dán, á máa rùn pólíìṣì titun. Ọkọ tí kò jẹ́ kí ìyàwó fọwọ́ kan bàtà, ta ló ń bá a nù ún? Ìyá wa parí rẹ̀ sí pé obìnrin ni. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi ń gbé oúnjẹ fún Bàbá láìwojú wọn.

Bàbá fi ayé sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024. Wákàtí mẹ́ta kò tíì pé tí àna wa kan ti ń béèrè nọ́ńbà ẹsẹ̀ wọn. Ìyá wa so kọ́kọ́rọ́ yàrá bàtà mọ́ ọrùn, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń retí obìnrin yẹn. Lọ́jọ́ kẹta, obìnrin kan dé lóòótọ́, ó rẹwà, ó di bàbá arúgbó kan lọ́wọ́ mú.

Ìyá wa ní, "Mo mọ̀ pé o máa wá."

Arúgbó náà ló dáhùn: "Ẹ má bínú, ìyá. Ọmọ mi ni. Èmi ni mò ń rán bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́."

Ojú aránbàtà yìí ti fọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Yàtọ̀ sí ọmọ wọn, Bàbá nìkan ló mọ̀. Ní Sátidé, Bàbá á lọ fi òwú sí gbogbo abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n á ya pólíìṣì dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára ti bíráùn, kí àwọn oníbàárà má baà sá. Aránbàtà náà á sì bá wọn nu bàtà, ìyẹn ni ọpẹ́ tiwọn.

"Mo ní kí wọ́n sọ fún yín," ni arúgbó náà wí. "Wọ́n ní àwọn ti búra."

Ìyá wa ṣílẹ̀kùn, wọ́n gbé bàtà kan lé arúgbó náà lọ́wọ́. Bàbá arúgbó fi ìka wá a káàkiri. "Ọ̀nì ni. Èmi ni mo pààrọ̀ gìgísẹ̀ ẹ̀." Ni wọ́n bá bú sẹ́kún. "Ta ló máa wá bá mi fi òwú sábẹ́rẹ́ báyìí?"

Ìyá wa ló ní kí a kọ gbogbo èyí síbí. Aránbàtà náà gbà. Wọ́n ní oníbàárà tó bá fẹ́ sá, kó sá.

Bàbá fi ìyá wa sílẹ̀ sáyé, pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n wọn, ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án, àti ọ̀rẹ́ kan tí a kò mọ̀ pé wọ́n ní.

Ẹ sùn re o, Bàbá wa. Kí ilẹ̀ tẹ́ yín lára. Ìyá wa ní kí ẹ dárí jin àwọn: ìbéèrè kan péré ni ì bá ti tó, àwọn kò sì bi yín.