Ọ̀bẹ Tí A Dán Wò Nínú Igbó Kòrò

Àgbẹ̀dẹ Olóyèdé,
Ẹ̀yìn Ọjà, Òsí,
Ìpínlẹ̀ Kwara.
Oṣù Ọ̀wàrà, 2025.

Fikáyọ̀, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni ìwé yìí bá ọ? Ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun, ṣé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò gba gbogbo oorun ojú rẹ? Àdúrà mi ni pé kí Ọlọ́run tí ó ń bá ọ ṣọ́ àwọn aláìsàn máa ṣọ́ ìwọ náà. Àwa níhìn-ín wà láàyè. Òjò kò tíì fẹ́ sinmi, iṣu tuntun ti wọlé, orúnkún mi sì ń ṣe bí ó ti máa ń ṣe. Màmá yín kí ọ. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ bí mo ti ń kọ èyí.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí mo fi ń kọ ìwé nígbà tí fóònù wà. Ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí a lè jẹ́ kí nẹ́tíwọ̀kì já sí méjì. Àti pé nígbà tí mo dárúkọ ìsìnkú fún ọ lọ́dún tó kọjá, ńṣe lo pa fóònù. N kò bínú sí ọ. Mo kàn fẹ́ kí o lè gbé ìwé yìí sílẹ̀, kí o mí, kí o tún gbé e. Mo sì bẹ Tolúlọpẹ́ àbúrò rẹ pé kó má tíì pè ọ́. Wá ibì kan jókòó sí kí o tó kà á lọ. N óò bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́ tí o rán mi, torí láti ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti wá.

O ní kí n rọ ọ̀bẹ ọdẹ kan fún Tolúlọpẹ́, nígbà tí o gbọ́ pé ó ti wọ ẹgbẹ́ ọdẹ tí ń ṣọ́ igbó, bí bàbá yín Adégbóyè, ọ̀rẹ́ mi, ti ṣe. O ní bí o kò bá lè dá a dúró, o kò fẹ́ kó lọ lọ́wọ́ òfo. O fi àwòrán ọ̀bẹ òyìnbó kan ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Ó gùn, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó bí ẹ̀gún, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ní eyín bíi ti ayùn. Mo wò ó títí. Ó dára lójú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ tí a ó fi bó ẹran kò gbọdọ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀, bí ẹnu rẹ̀ bá sì ṣóńṣó jù, yóò gún ìfun lu, ẹran á bàjẹ́. Ìwọ ní kó ṣóńṣó, èmi ní kí orí rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kó sì rí róbótó. A jiyàn títí, o wá rẹ́rìn-ín, o ní, “Bàbá, ọwọ́ yín ni òòlù wà.”

Irin sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù kan ni mo fi rọ ọ́. Kí n tó ṣe èèkù rẹ̀, mo bu amọ̀ tútù, mo ní kí Tolúlọpẹ́ gbá a mú bí ẹni di ọ̀bẹ mú, kí n lè mọ ibi tí ìka kọ̀ọ̀kan máa jókòó sí. Nígbà tó ṣí ọwọ́, mo wo amọ̀ náà, ẹ̀rù díẹ̀ bà mí. Ọwọ́ Adégbóyè ni mo rí. Mo ti rọ ọ̀bẹ fún ọwọ́ yẹn rí, nígbà tí àwa méjèèjì ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, mo mọ bí àtàǹpàkò rẹ̀ ti máa ń tẹ̀ sẹ́yìn. Igi apá ni mo gbẹ́ bá amọ̀ náà mu. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ní gbogbo ìgbà tí mo ń gbẹ́ ẹ, ó ń ṣe mí bíi pé ẹnìkan dúró lẹ́yìn mi, tó ń wo ọwọ́ mi.

Ọ̀bẹ àkọ́kọ́ kò yè. Omi ni mo fi pa iná rẹ̀, ó sì le ju bó ti yẹ lọ. Tolúlọpẹ́ fi kun ọ̀yà kan lóko, ó kan egungun, ojú ọ̀bẹ sì hán. Mo tún irin mìíràn dáná sí, mo fi òróró pa á lọ́tẹ̀ yìí, mo wá rọra yá a ní iná títí àwọ̀ rẹ̀ fi dà bí oyin. Ìyẹn dúró. Ṣùgbọ́n ó ní bí ẹ̀jẹ̀ bá kan èèkù, ńṣe ló ń yọ̀ lọ́wọ́ òun. Mo fá ìlà wẹ́wẹ́ sí i lára, mo sì fi ìṣó idẹ kàn án mọ́ irin. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ wá jókòó, mo sọ fún un pé èmi fúnra mi yóò bá a lọ sígbó láti wo bó ti ń ṣe lọ́wọ́ rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tó bá jókòó sídìí ẹwìrì rẹ̀ nìkan, ìdajì iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló mọ̀.

A gbé alùpùpù Tolúlọpẹ́ jáde láàárọ̀, a gba ọ̀nà Kòrò, a sì fi í sílẹ̀ níbi tí oko parí sí. Ìwọ mọ igbó yẹn, bí o kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Òun ni bàbá yín bá àwọn ọdẹ yòókù wọ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ń lé àwọn ajínigbé tó kó èrò lójú ọ̀nà. Ìbọn dún, àwọn ọdẹ fọ́n ká, gbogbo wọn padà wálé, àfi òun. A wá a títí. A kò rí i láàyè, a kò sì rí òkú rẹ̀. Ìwọ lo wí nígbà náà pé ẹni tí a kò rí òkú rẹ̀, a kì í gbẹ́ ilẹ̀ fún un. A gbà fún ọ.

Ọ̀bẹ rẹ ṣe dáadáa láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó gé ìtàkùn bí ẹni gé ẹ̀fọ́, ó la igi gbígbẹ, kò sì hán. Ẹtu kan ti kó sí tàkúté Tolúlọpẹ́, ó bó o láìgún ìfun lu, inú mi dùn. Nígbà tó di ọ̀sán gangan, a jókòó lórí igi tó ti wó, a ń jẹ iṣu sísun. Bí a ti ń jẹun, igbó dákẹ́. Kòkòrò tó ti ń han wá létí láti òwúrọ̀ dẹnu dúró. Ẹyẹ kan kò ké. Ẹnìkan wá pè.

“Àkànní, ulé yá.”

Fikáyọ̀, ìwọ náà mọ̀ pé ẹnìkan ṣoṣo láyé yìí ló máa ń fi oríkì yẹn pe àbúrò rẹ. Màmá yín kì í pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, “ilé” lẹ máa ń wí. Àwa àgbà tó kù nìkan ló ṣì ń wí “ulé”. Ohùn náà há díẹ̀ níparí, bí ó ti máa ń há. N kò sọ pé Tolúlọpẹ́ gbọ́ ọ, ó wá sọ fún mi. Etí èmi fúnra mi gbọ́ ọ, pẹ̀lú iṣu lẹ́nu mi.

Tolúlọpẹ́ la ẹnu láti dáhùn. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. A kì í dá ẹni tí a kò rí lóhùn nínú igbó, bàbá yín ló tilẹ̀ máa ń kọ́ àwọn ọdẹ kékeré bẹ́ẹ̀. Ó tún pè. Kò pariwo ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò sì sún mọ́ wa. Àbúrò rẹ rọra yọ ọwọ́ mi kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, n kò ní dáhùn. Ṣùgbọ́n mo ń lọ.” Ó dìde, ó fa ọ̀bẹ yọ nínú àkọ̀, ó ń lọ síbi tí ohùn ti wá. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo tẹ̀lé e.

Ibi tí igbó ti fà sẹ́yìn díẹ̀ ni a ti bá ọkùnrin kan tí wọ́n dè mọ́ igi. Okùn ọ̀rá ni wọ́n fi dè é, ó ti wọ ara rẹ̀ ní ọrùn ọwọ́. Ojú rẹ̀ là, ó ń wò wá. Wọ́n ti ki aṣọ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, wọ́n sì fi aṣọ mìíràn di ẹnu náà pinpin láti iwájú dé ìpàkọ́. Mo wo ẹnu tí wọ́n dì yẹn, mo wo Tolúlọpẹ́. Ó ti rí ohun tí mo rí. Kò sí bí ọkùnrin yìí ṣe lè pe ẹnikẹ́ni.

Àbúrò rẹ kúnlẹ̀, ó ki orí ọ̀bẹ sáàárín okùn àti ẹran ara. Mo ní kó gbé e fún mi, kò gbà. Bí a bá ti ṣe é ní ṣóńṣó bí o ti fẹ́ ni, ì bá gún iṣan ọkùnrin náà. Okùn já. Zulkifli ni ó ń jẹ́, obì ló ń wá rà ní Odò-Ọwá, ojú ọ̀nà ni wọ́n ti gbé e. Ó ní àwọn tó gbé e gbọ́ pé àwọn sójà ń bọ̀, wọ́n sì sá, wọ́n fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn tó mu omi, mo bi í pé ta ló pè wá. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè mi. Ó ní, “Bàbá, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe ẹnikẹ́ni. Ìró ẹsẹ̀ yín ni mo gbọ́.” A gbé e láàárín wa títí a fi dé Kòrò. Ara rẹ̀ ti ń yá, àwọn ènìyàn rẹ̀ ti wá gbé e lọ sí Ìlọrin.

Nígbà tí a dé ẹnu àgbẹ̀dẹ ni Tolúlọpẹ́ wí pé, “Kì í ṣe ìdí igi yẹn ni ohùn náà ti wá. Ó ti ẹ̀yìn rẹ̀ wá.” Èmi náà ti mọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a padà lọ pẹ̀lú àwọn ọdẹ àti ọlọ́pàá. Wọ́n fi àdá la igbó tó dí lẹ́yìn igi náà, wọ́n kan àpáta méjì tó fẹ̀gbẹ́ ti ara wọn. Ẹnìkan wà láàárín wọn, ó fẹ̀yìn ti òkúta. Egungun ló kù, àti bàtà òjò, àti ṣòkòtò tí òjò ti jẹ.

Fikáyọ̀, bàbá yín ni. Mo kọ ọ́ síbí kí o má bàa máa wá a nínú gbólóhùn mìíràn. Màmá yín ló mọ̀ ọ́n. Wọn kò fẹ́ kó wò ó, ó ní kí wọ́n gbé ṣòkòtò nìkan wá. Kò wò ó púpọ̀. Ó fi ìka wá inú àpò rẹ̀, ó kan ibi tí òun ti fi okùn pupa gán an nígbà tí ọta ìbọn ń já a. Ó di ibẹ̀ mú pẹ́. Ó wá ní, “Okùn mi rèé.”

Mo sọ ọ̀rọ̀ ohùn náà fún un, torí kò tọ́ kí n fi pa mọ́ fún un. Kò sunkún. Ó bi mí pé, “Ṣé ó dún bí ẹni tó rẹ̀?” Mo ní rárá, pé ó dún bí ẹni tó parí iṣẹ́ oko, tó ń pe ọmọ rẹ̀ kí òjò tó dé. Ó mi orí. O mọ̀ pé láti ọdún mẹ́ta yìí ló ti máa ń bu oúnjẹ ọkọ rẹ̀ sọ́tọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, kò bù ú.

Pásítọ̀ ní kí a má mú ọ̀rọ̀ ohùn wọ ìwàásù ìsìnkú, pé kí a dúpẹ́ kí a sì dákẹ́. N kò bá a jà. Ṣùgbọ́n n kò lè parọ́ fún ọ pé ọkàn mi balẹ̀. Bí mo bá fẹ́ ẹwìrì tí mo sì dáwọ́ dúró, àárín ìdákẹ́jẹ́ yẹn máa ń bà mí lẹ́rù. Mo ti ń tilẹ̀kùn àgbẹ̀dẹ kí oòrùn tó wọ̀. Ní ti ọ̀bẹ, Tolúlọpẹ́ ti dá a padà fún mi. Ó ní irin tó já okùn lára ènìyàn, òun kò lè fi kun ẹran mọ́. Ojú ọ̀bẹ náà kò kú rárá. Ìwọ lo rán mi níṣẹ́, ìwọ ni mo ń jábọ̀ fún. Nígbà tí o bá dé, sọ ohun tí o fẹ́ kí a fi ṣe.

Ohun kan ṣì kù. Àbúrò rẹ ti padà lọ sí ẹ̀gbẹ́ àpáta yẹn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó dúró níbẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ó ń retí. Kòkòrò ń han, ẹyẹ ń ké, kò sí ẹni tó pè é. Ó wá jókòó sí àgbẹ̀dẹ mi, ó ní, “Kò pè mí mọ́.” Ó sunkún bí ọmọdé, àgbàlagbà ọkùnrin. N kò mọ̀ bóyá kí n bá a yọ̀ ni tàbí kí n bá a kẹ́dùn.

Nítorí náà, ọmọ mi, wá sílé. Sátidé ìparí oṣù yìí ni a fẹ́ sin ín, bí o bá fọwọ́ sí i. A kò ní gbẹ́ ilẹ̀ láìsí ìwọ. Kí Ọlọ́run tó mú Zulkifli padà fún àwọn ènìyàn rẹ̀ mú ọ dé ọ̀dọ̀ wa láyọ̀. Kí ọ̀nà má pa ọ́ lára. Kí àwọn ọmọ rẹ sin ọ́ nígbà tí o bá darúgbó, kí wọ́n sì mọ ibi tí o sùn sí. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ nílé, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ,

Olóyèdé alágbẹ̀dẹ.

Àfikún ọ̀rọ̀: Mo ti bá káfíńtà sọ̀rọ̀ nípa pósí. Mo ní kó kan àpótí kékeré, torí ohun tó kù kò pọ̀. Màmá yín gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní, “Ọkọ mi kì í ṣe ọmọdé. Ẹ kàn án gùn bó ti gùn.” Káfíńtà bi wá pé báwo ni bàbá yín ti ga tó. Màmá yín dìde, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gbé ọwọ́ sókè kọjá orí ara rẹ̀, ó sì mú un dúró síbẹ̀ títí káfíńtà fi wọ̀n ọ́n tán.