Ẹja Rẹ Ti Gbẹ, Àmọ́ Kò Bàjẹ́

Ọmọ mi tí mo fi ń yangàn,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ojú lójú ẹja. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìjókòó ayọ̀, kí ó má bá ọ lórí ibùsùn àìsàn. Àbúrò rẹ ń kí ọ. Ẹ̀yìn mi ló wà bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ó ti nawọ́ fa ìwé náà ya lẹ́ẹ̀kan, ìdí nìyẹn tí igun kan ò fi sí. Eyín rẹ̀ méjì ti yọ. Má wulẹ̀ ní kí n fi rúlà wọ̀n wọ́n o, torí mo ti mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ báyìí.

Mo rí fọ́tò tó o fi ránṣẹ́ sórí fóònù ìyàwó atukọ̀. Àyà mi já. Mo rí ẹja lórí tábìlì, rúlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n so nọ́mbà mọ́ ọn nírù bí ẹlẹ́wọ̀n. Mo ní kí ló jí. Ìyàwó atukọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kò jí nǹkan kan, pé ẹja ekurá kékeré kan, èyí tí òyìnbó ń pè ní ṣáàkì, ni, láti ìsàlẹ̀ òkun níbi tí oòrùn ò dé, àti pé ìwọ lo kọ́kọ́ rí i pé irú rẹ̀ ò sí nínú ìwé kankan. Inú mi dùn, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìwọ tó jẹ́ pé tí mo bá ti gbé agbọ̀n ẹja wọlé báyìí, wàá faṣọ di imú, wàá ní ìyá yìí ń rùn! Ìwọ náà lo wá jókòó ti òkú ẹja láti àárọ̀, tó ò ń ka eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mà dáa o.

Ibi tí mi ò gbà ni ti ẹran ara rẹ̀ tẹ́ ẹ bù sínú ẹ̀rọ láti fi mọ ẹbí rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá mọ̀ wọ́n ńkọ́, ṣé wọ́n á wá gba òkú ni? Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ síbi tí wọ́n wà. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé kó o wọ inú omi yẹn lọ kí wọn o.

Jẹ́ kí n wá sọ ohun tó wà níkùn mi. O ní ọ̀gá rẹ onígíláàsì sọ pé ẹyọ kan ò tó, pé tẹ́ ò bá rí ìkejì kí oṣù yìí tó parí, òun á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹja tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ tí àìsàn sọ di abàmì lásán ni, iṣẹ́ ọdún méjì rẹ á sì dòfo. O ní kí n bá ọ máa wò ó létí omi, pé ojú rẹ̀ tóbi, ó láwọ̀ bí ewé, ẹ̀gún méjì wà lẹ́yìn rẹ̀, ti ọwọ́ ìrù gùn ju ti ọwọ́ orí lọ, kò sì sí lẹ́bẹ́ kankan nísàlẹ̀ nítòsí ìdí. Mo há a sórí bí àdúrà. Kò sí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ tí mi ò tú agbọ̀n rẹ̀ wò. Àwọn apẹja ti ń pè mí ní Ọlọ́pàá Ẹja.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo rí i. Ìsàlẹ̀ agbọ̀n atukọ̀ ló wà, wọ́n fẹ́ dà á nù. Mo sún sọ́tùn-ún, ó ń wò mí, mo sún sósì, ó ṣì ń wò mí. Mo ṣáà gbé e wá sílé.

O ní kí n kọ fọ́ọ̀mù tó o fi ránṣẹ́ kí n tó ṣe ohunkóhun, mo sì kọ gbogbo rẹ̀ fún un. Orúkọ, mo ní kò tíì ní. Ọjọ́ orí, mo ní kò jọ ọmọdé. Iṣẹ́, mo ní kò sí. Adírẹ́sì, mo ní ìsàlẹ̀ òkun, okùn atukọ̀ mẹ́rin tí wọ́n so pọ̀ ló débẹ̀. Nọ́mbà fóònù, mo fa ìlà sí i. Níbi tí wọ́n ní kí ẹni tí kò mọ̀wé kọ tẹ̀ka sí, níwọ̀n bí kò ti ní ìka, mo po dúdú ìdí ìkòkò mọ́ òróró, mo fi kun lẹ́bẹ́ rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Kò dá mi lójú pé ẹyọ kan tó, ni mo bá tẹ gbogbo wọn, àti ìrù, àti ẹ̀gún méjèèjì, mo tẹ ìyókù sẹ́yìn ìwé. Ó hàn kedere. Mo tún fi okùn wọ̀n ọ́n láti imú dé ìrù, mo ta kókó síbi ojú àti síbi ẹ̀gún, torí mo ti rí i pé ẹ fẹ́ràn kẹ́ ẹ máa wọn nǹkan.

Wàyí o, tó o bá wà lórí ìdúró, jókòó. Kò sí áìsì. Ìyá oní-áìsì ní iná ò tíì dé láti ọjọ́ mẹ́ta. Oòrùn mú, ikùn ẹja ti ń rọ̀. O ní kí n má jẹ́ kó bàjẹ́ o, ìwọ lo sọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí mo bí ọ, ìdí ààrò ẹja ni mo ti tọ́ ọ dàgbà, èwo nínú ẹja ọwọ́ mi ló bàjẹ́ rí? Mo là á, mo fọ̀ ọ́, mo ká a, mo ti ìrù bọ̀ ọ́ lẹ́nu, mo yan án. Ọjọ́ méjì lórí iná jẹ́jẹ́. Ó rẹwà!

Àfìgbà tí mo gbé e han ìyàwó atukọ̀. Ó káwọ́ lérí, ó ní tútù lẹ fẹ́ ẹ, pé mo ti ba iṣẹ́ ọmọ mi jẹ́. Látìgbà náà oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi. Mo ń sunkún, àbúrò rẹ ń bá mi sun ún. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú páálí yìí, títí kan ìfun àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tí mo fi iyọ̀ sí nínú ìgò. Bá mi bẹ ọ̀gá rẹ, kó má lé ọ. Tó bá sì lé ọ, ààrò mi gba ẹni méjì.

Mo ti fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí pa kí ìyàwó atukọ̀ tó sáré dé. Ó ní òun ti ya fọ́ọ̀mù náà àti okùn tí mo fi wọ̀n ọ́n ní fọ́tò fi ránṣẹ́ sí ọ, àti pé o ti pe òun padà, ò ń rẹ́rìn-ín, ò ń sunkún. O ní ọ̀gá rẹ dìde lórí àga nígbà tó rí àwọn lẹ́bẹ́ tí mo tẹ̀, pé wọ́n bá ti àkọ́kọ́ mu délẹ̀, pé àìsàn ò lè ṣe ẹja méjì bákan náà, pé kí n tètè fi fọ́ọ̀mù àti okùn náà ránṣẹ́, kò ní kọ nǹkan kan títí wọ́n á fi dé. Ṣé o rí i? Mo mọ̀ pé ní ìlú ńlá, ohun tí wọn ò bá tíì tẹ̀ka sí, kò ní láárí.

Ó ní ẹ fẹ́ fi orúkọ mi pe ẹja náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo yan án, ojú á tì mí.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra kúlà ńlá, owó áìsì náà kó máa bọ̀. Ọlọ́run á ṣí ojú rẹ sí ohun tí ẹlòmíì ò rí, kò ní jẹ́ kí omi gbé ọ. Mo ti ń padà lọ sétí omi báyìí. Èyí tó bá tún dé, ọmọ mi, màá béèrè kí n tó dáná.

Èmi ni ìyá rẹ, Ọlọ́pàá Ẹja.