Ohun Tí Mo Sọ fún Ìyá Mi Nípa Eyín Rẹ̀

Olóòtú wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ láti ẹ̀bá Datcha. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka orúkọ mi lórí rédíò.

Nígbà ìjọba Faransé, kí ogun Hítílà tó dé, èrìgì ìyá mi ń sún kúrò lára eyín, gbòǹgbò eyín sì ń hàn síta. Mo bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà òyìnbó ní Atakpamé, torí èmi ni mo gbọ́ Faransé. Dókítà ní ọ̀fẹ́ ni yíyọ eyín. Ṣùgbọ́n bí a bá lè ná ọgọ́rùn-ún faránkì ní Lomé, wọ́n á fọ ìdí eyín náà, púpọ̀ á sì dúró.

Owó òwú tí ìyá mi tà tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti ṣèlérí pé òun á fi ra kẹ̀kẹ́ fún mi.

Ìyá mi ní, "Kí ló wí?"

Mo ní, "Ó ní yíyọ nìkan ló kù."

Wọ́n yọ mẹ́rìnlá. Àgbàdo sísun tó fẹ́ràn, òórùn rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́ títí ó fi kú. Ó sì ń ṣàdúrà fún mi pé mo bá òun gbọ́ Faransé: "Eyín tìrẹ ò ní ká."

Mo ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Eyín mi kò dín ẹyọ kan. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń bi mí pé orín wo ni mo ń lò. Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n sọ fún wọn?